Ewé Wúrà Kan fún Ọrùn Ọwọ́

Ẹni tó bá ń wúkọ́ kò lè ṣe iṣẹ́ tí Ma Nwe Yin ń ṣe. Nínú yàrá kan ní Mandalay, tí wọ́n ti gbogbo fèrèsé rẹ̀ pa, tí kò sí fáànù, tí kò sí atẹ́gùn, òun àti àwọn obìnrin márùn-ún jókòó sórí ẹní. Wọ́n ń fi ọ̀pá pẹlẹbẹ tí a fi ìwo ẹfọ̀n gbẹ́ ṣí ewé wúrà tí àwọn ọkùnrin ti lù, wọ́n ń gé e, wọ́n ń tò ó sáàárín bébà. Ewé náà fẹ́lẹ́ débi pé bí o bá mí sí i lásán, ó ti fò lọ nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ sín, kó yáa sáré jáde, kó lọ sín sí òde ilé bàbá ẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni Ma Nwe Yin ti fi ń há èémí mọ́nú báyìí. Ó ti mọ́ ọn lára débi pé nílé pàápàá, bí ọ̀rọ̀ bá dùn ún, kì í pariwo. Á kàn há èémí mọ́nú títí ọ̀rọ̀ ọ̀hún á fi kọjá.

Ẹ̀yìn ògiri yàrá yẹn ni àwọn ọkùnrin ti ń lu wúrà. Òkúta mẹ́ta, ọkùnrin mẹ́ta, kò sí ẹ̀wù lọ́rùn ẹnikẹ́ni. Wọ́n á to wúrà sáàárín bébà ọparun, wọ́n á fi awọ àgbọ̀nrín dì í le, wọ́n á wá máa fi òòlù irin lù ú: gbì, gbì, gbì. Igbá àgbọn kékeré kan ló ń bá wọn ka àkókò. Wọ́n lu ihò bíńtín sí ìdí rẹ̀, wọ́n gbé e lé orí omi nínú àwo. Bí omi bá kún inú rẹ̀ tó rì, ó di ẹyọ kan. Bó bá rì lẹ́ẹ̀mẹwàá, wọ́n á sinmi, wọ́n á mu tíì, wọ́n á tún gbé òòlù.

Ọkọ rẹ̀, Ko Mya Thaung, ló ni òkúta àárín. Orí òkúta yẹn ni bàbá rẹ̀ ti lu wúrà títí ó fi darúgbó. Òfin ibẹ̀ sì ni pé òkúta kì í dá wà: bí ẹni tó ni ín ò bá lù ú, ọ̀gá á fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, ẹni tó bá sì gbà á, ó gbà á náà nìyẹn. Ma Nwe Yin ò ní láti yọjú kó tó mọ̀ pé ọkọ òun ló ń lù. Òòlù tirẹ̀ máa ń dúró díẹ̀ lókè kó tó balẹ̀, bí ẹni tó ń ro ọ̀rọ̀ kó tó sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ Ko Mya Thaung fúnra rẹ̀ kì í ro ọ̀rọ̀ kó tó sọ ọ́ o! Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Òun ló máa ń sọ fún àwọn tó wá ra wúrà pé gbogbo ère Búdà tó ń dán nígboro, òun lòun bá wọn ṣe ìpara.

Nínú oṣù tí ooru fẹ́ẹ̀ pa gbogbo wa yẹn, Ko Mya Thaung wẹ̀ tán láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń fún omi ìró rẹ̀, torí ọkùnrin ibẹ̀ náà ń ró ìró, ló bá ké.

“Yéè!”

“Kí ló dé, Bàbá Ohnmar?” Ohnmar ni ọmọbìnrin wọn, ọ̀dọ̀ ìyá-ìyá rẹ̀ ló wà ní Sagaing, ibẹ̀ ló ti ń lọ ilé-ìwé.

“Ọwọ́ mi ni. Ibí yìí.” Ó fi hàn án: ọrùn ọwọ́ ọ̀tún, lápá ibi tí ọmọńdinrín wà.

“Ẹ sùn lé e lórí ni. Ẹ fún un, ká máa lọ.”

Ó fún un, wọ́n sì lọ. Àmọ́ nǹkan ọ̀hún ò lọ ní tirẹ̀. Bí Ko Mya Thaung bá fẹ́ yí kọ́kọ́rọ́ nínú ilẹ̀kùn, ó ń dùn ún. Bó bá gbé ìkòkò ìrẹsì, ó ń dùn ún. Ó fi ìpara gbígbóná pa á, ó ra awọ, ó fi dì í, pàbó. Tó bá ti di ìgbà tí igbá àgbọn rì lẹ́ẹ̀kẹta, òógùn tó ń bọ́ lójú rẹ̀ kì í ṣe ti ooru mọ́. Títí di ọjọ́ kan tí òòlù yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, tó ba etí ìdì, tó fa awọ àgbọ̀nrín ya, tí odidi ìdì wúrà bàjẹ́.

U Chit Hlaing, ọ̀gá wọn, bàbá arúgbó tí ewé kunya tó máa ń jẹ lẹ́nu ti sọ eyín rẹ̀ di pupa, jáde wá wò ó.

“Mya Thaung, ṣé ọwọ́ ni àbí ọkàn?”

“Ọwọ́ ni, ọ̀gá.”

“Lọ ya fọ́tò eegun.”

Ó lọ yà á. Ẹni tó yà á gbé fọ́tò náà sókè síná, ó wò ó, ó ní eegun pé, kò sí èyí tó sán, kò sí èyí tó yẹ̀. Ó ní kó lọ gbé oògùn ìrora mì. Nígbà tó padà dé, Ko Lone ló kọ́kọ́ gba fọ́tò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ko Lone ló ń lu òkúta apá ọ̀tún, ọkùnrin rọ̀bọ̀tọ̀ kan tí ikùn rẹ̀ máa ń dé ibi tó ń lọ kí òun fúnra rẹ̀ tó dé.

“Eegun ẹ pé! Ó tiẹ̀ pé ju tèmi lọ! Ẹ wá wo aláìsàn tí ara ẹ̀ le koko.”

“Ko Lone, ó ń dùn mí.”

“Kí ni kì í dùn wá níbí, ọ̀gbẹ́ni? Bó o bá fẹ́ lọ bá àwọn obìnrin gé ewé, sọ ọ́ ká gbọ́. A ó bá ẹ ra yẹtí.”

Ẹ̀rín ta. Nínú yàrá tí wọ́n ti gbọ́ ọ, àwọn obìnrin náà rẹ́rìn-ín, wọ́n fọwọ́ bo imú nítorí wúrà. Ma Nwe Yin náà rẹ́rìn-ín. Díẹ̀ ni o, àmọ́ ó rẹ́rìn-ín. Èyí á padà jẹ ẹ́ lọ́kàn.

Nígbà tí wọ́n délé, ó gbé oúnjẹ ka iwájú ọkọ rẹ̀, ó jókòó tì í.

“Bàbá Ohnmar, ṣé lóòótọ́ ló ń dùn yín?”

Ko Mya Thaung gbójú sókè. Ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, ohun tó sọ kò ju ọ̀rọ̀ méjì lọ.

“Ìwọ náà?”

Ojú ti Ma Nwe Yin débi pé kò lè gbé ìrẹsì dé ẹnu mọ́. Òun ló wá kiri títí ó fi gbọ́ pé dókítà obìnrin kan máa ń ti Yangon wá sí ilé ìwòsàn ńlá ní Ọjọ́rú, pé ọwọ́ nìkan ni iṣẹ́ tirẹ̀. Wọ́n tò láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí. Dókítà náà kéré lọ́jọ́ orí, ó sì ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó wo fọ́tò eegun lẹ́ẹ̀kan, ó gbé e tì.

“Ẹ fọwọ́ méjèèjì ti apá àga yìí, kẹ́ ẹ fi dìde.”

Ko Mya Thaung tì í. Ìdí rẹ̀ ò tíì kúrò lórí àga tó ti gbé ọwọ́ ọ̀tún kúrò. Dókítà yí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sókè, ó yí i sílẹ̀, ó fi wé ọwọ́ òsì. Ó wá fi orí ìka kan wá ibi tó jin kòtò díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kókó eegun tó yọ lápá ọmọńdinrín, ó tẹ̀ ẹ́.

“Yéè! Ìyá mi o!”

“Ṣé ibẹ̀ ni?”

“Ibẹ̀ ni! Dókítà, ibẹ̀ gan-an ni! Ma Nwe, ó rí i! Ó rí i o!” Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé wọ́n sọ fún un pé ìyàwó rẹ̀ bí ìbejì.

Dókítà ní kí wọ́n lọ gbé e sínú ẹ̀rọ ńlá tó ń ya fọ́tò inú ẹran ara, wọ́n lọ, ohun tí ìka rẹ̀ sọ náà ni ẹ̀rọ sọ. Ní Ọjọ́rú kejì, ó ṣàlàyé fún wọn.

“Láàárín eegun apá àti àwọn eegun kéékèèké ọrùn ọwọ́, kèrékèré kan wà níbẹ̀. Ó rọ̀, ó sì yi, irú èyí tí ẹ máa ń rún lẹ́nu bí ẹ bá jẹ itan adìẹ tán. Òun ni tìmùtìmù wọn. Òun àti iṣan tó so eegun mọ́ eegun ló jọ wà níbẹ̀. Òòlù ti fà á ya létí. Fọ́tò eegun ò lè rí i, nítorí eegun nìkan ló ń rí.”

“Ṣé ó máa jọ?” Ma Nwe Yin ló bi í.

“Ó ṣeé ṣe kó jọ, bó bá rí ìsinmi. Bí kò bá jọ, mo lè rán an, torí etí ibi tó ya ṣì mọ́. Àmọ́ bó bá tún ya lórí èyí, á fọ́n. Mi ò ní rí ibi tí abẹ́rẹ́ máa gbá mú.”

“Ṣé mo tún máa lu wúrà?”

“Bó bá jọ.”

Wọ́n fi sìmẹ́ńtì funfun dì í kọjá ìgúnpá, kó má baà lè yí àtẹ́lẹwọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mìíràn pẹ̀lú ìdè tó ṣeé tú bó bá fẹ́ wẹ̀. Kò gbọdọ̀ gbé òòlù, kò gbọdọ̀ gbé garawa, kò gbọdọ̀ gbé àpò ìrẹsì, kò gbọdọ̀ fi àtẹ́lẹwọ́ ti nǹkan. U Chit Hlaing gbọ́, ó tu omi kunya sílẹ̀, ó ní òun á bá a pa òkúta mọ́ títí di òṣùpá àjọ̀dún Thadingyut.

“Bí òṣùpá bá ti kún, tí iná àjọ̀dún bá ti tàn, mi ò lè dúró mọ́ o. Wúrà ò mọ̀ pé ara ẹnì kan ò yá.”

Kí á má purọ́, Ko Mya Thaung pa òfin mọ́. Kò sí ẹni tó rò pé ó lè ṣe é, oníwàdùwàdù bíi tirẹ̀. Ọwọ́ òsì ló fi ń jẹun, ìrẹsì ń dà sí i láyà, Ma Nwe Yin ń bú u, ó ń rẹ́rìn-ín. Láràárọ̀, ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a fún ìró. Ko Lone alára gbé ewé tíì kíkan, èyí tí wọ́n máa ń jẹ bí ìpanu, àti ẹ̀pà díndín wá bẹ̀ ẹ́ nílé.

“Mya Thaung, má bínú sí mi. Mi ò mọ̀ pé ohun tí ò sí nínú fọ́tò lè máa dunni.”

“Ṣé o ti ra yẹtí ọ̀hún?”

“Dákẹ́ jàre.”

Òjò rọ̀, òjò dá. Wọ́n gé sìmẹ́ńtì kúrò, apá náà ti rù hangogo. Dókítà tẹ kòtò yẹn. Ó dùn ún díẹ̀, kò dùn ún púpọ̀. Ó ní ó ń jọ. Nígbà tó fi di ọ̀sẹ̀ kẹwàá, Ko Mya Thaung yí àtẹ́lẹwọ́ sókè-sódò níwájú ìyàwó rẹ̀, kò sì fajú ro. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí òṣùpá kún.

Ìgbà yẹn ni Ma Nwe Yin ṣí àpótí aṣọ rẹ̀. Ewé wúrà kan wà níbẹ̀ tó ti pa mọ́ láti ìgbà òjò: ó wá láti inú ìdì tí ọkọ rẹ̀ lù kẹ́yìn kí òòlù tó yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló gé e. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n: ibi tó bá ń dunni, ibẹ̀ náà la ń lẹ ewé wúrà mọ́ lára ère Búdà. Ẹni tí orí ń fọ́ á lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí, ẹni tí ẹsẹ̀ ń ro á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹsẹ̀. Wúrà tí ọwọ́ yẹn lù ni Ma Nwe Yin fẹ́ kó lọ fi dúpẹ́ lórí ọwọ́.

“Ẹ jẹ́ ká lọ lọ́la.”

“Ká jẹ́ kí òṣùpá kún ná, Ma Nwe. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì péré.”

“Ẹ fẹ́ gbé òòlù tán kẹ́ ẹ tó dúpẹ́? Ẹni tá a ṣe lóore tí ò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Kì í ṣe iṣẹ́ o. Ẹ kàn máa lẹ̀ ẹ́ ni, ẹ ó sọ̀ kalẹ̀.”

“Ó dáa. Ìwọ lo sọ ọ́ o.” Àwàdà ló fi ṣe.

Èrò pọ̀ nílé ère Búdà lọ́jọ́ kejì. Ibi tí obìnrin ń dé ní òpin: orí ẹní níwájú, lẹ́yìn irin. Ọkùnrin nìkan ló ń gòkè lọ bá Búdà. Ma Nwe Yin dá ọkọ rẹ̀ dúró lẹ́nu ibẹ̀, ó wo ìdè tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ṣé ọwọ́ tá a dì bí egbò yìí lẹ fẹ́ fi fún Búdà ní nǹkan? Ọwọ́ ọ̀tún kẹ̀!”

Ó tú u fúnra rẹ̀. Ó ká a, ó tì í sínú báàgì rẹ̀. Ó fi bébà tí ewé wúrà wà nínú rẹ̀ lé e lọ́wọ́, ó jókòó, ó pàtẹ́lẹwọ́ pọ̀.

Ó ń wò ó láti ẹ̀yìn irin. Àwọn ọkùnrin ti dí àtẹ̀gùn pa. Ọwọ́ ère náà wà lórí orúnkún rẹ̀, lápá ibi tí pẹpẹ ti ga dé àyà ènìyàn. Àwọn tó ṣíwájú Ko Mya Thaung ń fi ọwọ́ ti ara wọn gun pẹpẹ náà níkọ̀ọ̀kan, wọ́n á lẹ tiwọn, wọ́n á bẹ́ sílẹ̀. Nígbà tó kàn án, ó gbé bébà ewé wúrà sí ọwọ́ òsì, ó gbé e sókè kí èrò má baà rún un. Ọwọ́ ọ̀tún ló kù.

Ma Nwe Yin rí ọwọ́ náà. Ó rí i bó ṣe tẹ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sí etí pẹpẹ, bí ẹni tó fẹ́ dìde lórí àga. Ó mọ ohun tó fẹ́ ṣe kó tó ṣe é. Ó lanu. Àfi bí ẹni tí wúrà wà níwájú rẹ̀: èémí há mọ́ ọn nínú, kò jáde. Kó fo irin kọjá ni? Obìnrin kì í kọjá ibẹ̀. Kó ké lójú Búdà, láàárín ọgọ́rùn-ún èèyàn tó ń gbàdúrà? Kó tó parí èrò rẹ̀, ọkọ rẹ̀ ti gbé gbogbo ara rẹ̀ lé ọrùn ọwọ́ náà, ó ti tì í.

Ejìká rẹ̀ rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó dúró lórí pẹpẹ láìmira fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń kùn pé kó ṣe kíá. Ló bá tú bébà, ó fi ọwọ́ ọ̀tún náà mú ewé wúrà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọrùn ọwọ́ ère, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́ títí ó fi dán. Lẹ́yìn náà ló sọ̀ kalẹ̀.

“Mo ti lẹ̀ ẹ́,” ló sọ nígbà tó dé ọ̀dọ̀ ìyàwó rẹ̀.

“Ọwọ́ yín ńkọ́?”

“Ó dún.”

“Ó dún báwo?”

“Kẹ́.” Ó rẹ́rìn-ín. “Máa bọ̀, ká lọ sílé.”

Nínú báàgì Ma Nwe Yin ni ìdè náà wà títí wọ́n fi délé. Kò sẹ́ni tó bèèrè rẹ̀.

Ní Ọjọ́rú, dókítà ò tiẹ̀ tíì tẹ kòtò yẹn tí Ko Mya Thaung ti ń fa ọwọ́ sẹ́yìn. Wọ́n tún gbé e sínú ẹ̀rọ. Dókítà pẹ́ gan-an níwájú àwòrán náà.

“Ó ti fọ́n. Iṣan ibẹ̀ náà ti já. Mo lè ṣe iṣẹ́ abẹ tó máa jẹ́ kí ìrora dín kù, kẹ́ ẹ lè fi jẹun, kẹ́ ẹ lè fi wọṣọ. Òòlù, rárá. Kí lẹ gbé?”

“Mi ò gbé nǹkan kan, dókítà.”

“Mo sọ fún yín pé kẹ́ ẹ má fi àtẹ́lẹwọ́ ti nǹkan.”

“Nǹkan kẹ̀?” Ohùn Ko Mya Thaung lọ sókè. “Ẹ dárúkọ òòlù, ẹ dárúkọ garawa, ẹ dárúkọ ìrẹsì, mi ò fọwọ́ kan ọ̀kan nínú wọn! Ọ̀dọ̀ Búdà ni mo lọ. Ṣé Búdà ni nǹkan?”

Dókítà gbé àwòrán náà kalẹ̀. Òun náà mọ ibi tí wọ́n ti ń lẹ ewé wúrà, òun náà ti lọ síbẹ̀ rí.

Òṣùpá Thadingyut kún, iná tàn káàkiri ìlú. Ní ọjọ́ kẹta, U Chit Hlaing fa òkúta àárín lé ọkùnrin kan láti Amarapura lọ́wọ́. Ó sunkún nígbà tó ń ṣe é, kí á sọ òtítọ́, àmọ́ ó ṣe é. Iṣẹ́ igbá àgbọn ló fún Ko Mya Thaung: kó jókòó ti àwo omi, kó máa ké “Ó rì!” bó bá ti rì. Ọkùnrin ẹni ọdún méjìdínlógójì. Ikú tó ń pa alágẹmọ tó ń yọ́ rìn, kí ni ká ti wí sí i? Nínú yàrá tí Ma Nwe Yin ti ń gé ewé, òòlù mẹ́ta ṣì ń dún, kò sì sí èyí tó ń dúró lókè kó tó balẹ̀.

Ohun tó ń pa á lára jù ni pé ọkọ rẹ̀ ò bú u. Ì bá bú u, ì bá sàn. Ì bá bi í pé ta ló ní ká lọ, ta ló tú ìdè. Ó ti fi àárọ̀ púpọ̀ dúró de ìbéèrè yẹn, níbi tí wọ́n ti jọ ń fún ìró rẹ̀, tí ọkọ á fi ọwọ́ òsì di etí kan mú, tí òun á máa lọ́ èkejì. Ohun tí Ko Mya Thaung máa ń sọ ni pé, “Ó tó, Ma Nwe, ó ti gbẹ.”

Nígbà òtútù tó tẹ̀ lé e, ọ̀gá ní kí Ma Nwe Yin bá wọn tajà níwájú, torí èrò pọ̀. Bàbá kan tó ń tiro wọlé wá, ó ra ewé wúrà kan.

“Orúnkún mi ni, ọmọ mi. Wọ́n ní kí n lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ orúnkún Búdà. Ìwọ tó o wà nídìí ẹ̀, ṣé ó máa ń ṣiṣẹ́?”

Ko Mya Thaung wà níbi àwo omi rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo igbá àgbọn. Kò gbójú sókè. Ma Nwe Yin di ewé náà sínú bébà, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún bàbá náà.

“Ó máa ń ṣiṣẹ́, bàbá. Àmọ́ ẹ bẹ ẹnì kan kó bá yín lẹ̀ ẹ́. Ẹ má fọwọ́ ti ara yín gòkè.”

Bàbá náà rẹ́rìn-ín. “Orúnkún ni mo sọ, kì í ṣe ọwọ́! Kò sóhun tó ṣe ọwọ́ mi.”

“Mo mọ̀, bàbá. Ẹ ṣáà bẹ ẹnì kan.”

“Ó rì!” ni ọkọ rẹ̀ ké láti ẹnu ọ̀nà.